Àpò Òkúta Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Lọ́dún tí òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ̀nà òkè Ẹ̀fọ̀n lọ, èmi ni alága gáréèjì wa ní Aràmọ̀kọ. Kòtò ibẹ̀ jìn débi pé bí èèyàn bá sín nínú rẹ̀, ará Òkè-Ìmẹ̀sí á ní, “Pẹ̀lẹ́ o!” La bá ṣòfin fúnra wa: kí ọkọ̀ tó gbérò tàbí ẹrù láàárọ̀, kó kọ́kọ́ lọ da àpò òkúta kan síbẹ̀. Bákan náà fún gbogbo wa. Òfin náà wù mí, torí ìwé tí mo kà ò dé ibi ìṣirò tó le.

Délé ọlọ́kadà di tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ní ìdajì òkè, táyà iwájú gbéra nílẹ̀, ọ̀kadà dúró ṣánṣán bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já ewé.

“Alága, uṣu oko ni mo fi ọ̀kadà yìí ń gbé, kì í ṣe òkúta! Bí ẹ́ńjìnì yìí bá kú, kí ni màá fi bọ́ ìyàwó mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ?”

Bàbá Rótìmí, tó ní àwọn lọ́rì agbégẹdú, rẹ́rìn-ín. “Àpò kan lèmi náà gbé. Ṣebí ọgbọọgba nìyẹn?”

“Nínú lọ́rì yín kẹ̀, Bàbá? Bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé erin ni!”

“Ṣé kí n wá ru ogún àpò torí pé mo ṣiṣẹ́? Màá kó lọ́rì mi lọ sí Ìjerò o!”

Bó bá lọ, ta ni yóò dí kòtò? Mo ní, “Bàbá, bó bá jẹ́ ọgbọọgba, ẹ ṣe pààrọ̀ lónìí. Kí Délé wọ lọ́rì, kẹ́yin gun ọ̀kadà tòun ti àpò rẹ̀.”

Gbogbo gáréèjì hó yèè. Ojú ò jẹ́ kó kọ̀. Ọ̀kadà gbé e dé ìdajì òkè, ló bá yí èrò padà. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, fìlà bò ó lójú, ewúrẹ́ ń yà fún un. Ọpẹ́lọpẹ́ òkìtì iyanrìn kan, Èrìjìyàn là bá ti lọ gbé e.

Ó dìde, ó gbọnra. “Alága, bí ọkọ̀ bá ṣe ń gbé tó ni kó ṣe rù tó. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí òkúta mi kan ní ìpìlẹ̀ ilé ẹ, Ìjerò yá!”

La bá yí òfin padà bẹ́ẹ̀. Délé ní, “Ẹ má yọ mí kúrò pátápátá o. Ọ̀nà tèmi náà ni.” Àtìgbà náà ló ń fi òkúta kan sápò ṣòkòtò láràárọ̀, tí ṣòkòtò ń já bọ́. Kòtò náà dí kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Wọ́n ń jiyàn owó orí lórí rédíò: ṣé ká fi òṣùwọ̀n kan wọn olówó àti mẹ̀kúnnù, àbí kí ẹni tó ń rí jù san jù? Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ náà, kó kọ́kọ́ wá yá ọ̀kadà Délé. Àpò òkúta ti wà lẹ́yìn rẹ̀.