Lẹ́tà tí Mo Kọ nípa Ọmọṣẹ́ Òyìnbó

Bàbá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òfì rí. Ahunṣọ ni wọ́n, ní Ìṣẹ́yìn, níbi tó jẹ́ pé nígbà náà ọkùnrin ló ń jókòó hun aṣọ òkè. Tiwa obìnrin ni ká ran òwú, ká pa á láró, ká gbé oúnjẹ wá, ká gbé abọ́ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún, mo fẹsẹ̀ janlẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ kàwé. Mo kàwé, mo sì di ẹni tí ń ka gbogbo lẹ́tà tó bá wọ agbo ilé wa, tí ń kọ èsì wọn. Ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà ìhunṣọ yẹn ni ọkàn mi wà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé iṣẹ́ èṣù ni ohun tí mo ṣe. Èmi ni mo ṣe é.

Sọ́jà ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, a gba ọlidé gígùn, mo sì wà nílé lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ káńsù kan mú ọmọbìnrin òyìnbó kan wá bá bàbá mi. Ìlú òkèèrè tí òtútù wà ló ti wá, iṣẹ́ ìhunṣọ ló ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀. Òfin ilé ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ ṣiṣẹ́ oṣù méjì lábẹ́ ọ̀gá kan nílẹ̀ ibòmíràn, kí ọ̀gá náà sì kọ lẹ́tà sọ bó ṣe ṣe sí. Bí lẹ́tà náà kò bá dára, kò ní yege. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀, wọ́n bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbí, wọ́n wá nàka sí òfì tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

"Ní kó jókòó."

"Bàbá, obìnrin mà ni!"

"Àlejò ni."

"Ṣé àlejò kì í ṣe obìnrin ni?"

Àwọn ọmọṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní kí n panu mọ́, kí n sọ fún un pé kó bọ́ bàtà. Háà! Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ bàtà fún un, mo sì wọlé lọ.

Yàrá mi ló ń sùn. Ká sọ tòótọ́, ọmọ dáadáa ni. Ó ń fọ abọ́ ara rẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, àwọn ìyá wa a sì rẹ́rìn-ín títí. Ata a máa ta á, omijé a máa bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ní ṣíwọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí wọn kò hunṣọ, a jọ gun òkè Adó-Àwáyè lọ wo omi orí òkè. Bàtà mi já lọ́nà, ló bá bọ́ ẹsẹ̀ kan tirẹ̀ fún mi, àwa méjèèjì sì ń tiro bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lórí òfì. Kí oṣù kìn-ín-ní tó parí, etí aṣọ rẹ̀ ti gún régé ju ti àwọn tó ti lo ọdún méjì lọ.

Bàbá mi sì ń bú u láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. "Ọwọ́ ẹ wúwo bí ọmọ odó! Ta ló kọ́ ẹ ní irú ìranù yìí?" Wọn a ní kó tú ohun tó ti ń hun bọ̀ látàárọ̀. Wọn a wá jókòó tì í, wọn a di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn a fi bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀lé ọwọ́ hàn án. Wọn kò jókòó ti ọmọṣẹ́ kankan pẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Gbogbo agbo ilé wa ló mọ ìwà bàbá mi. Wọn kì í yin ọmọṣẹ́. Wọ́n ní ìyìn a máa ba ọwọ́ ọmọ jẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dára jù ni èébú rẹ̀ ń pọ̀ jù. Ọmọṣẹ́ wọn kan tó ti ń dá ṣiṣẹ́ ní Ṣakí, olódo ni wọ́n ń pè é títí di ọjọ́ fíríìdọ̀mù rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ọ̀kọ̀ tiwọn lé e lọ́wọ́, ìyẹn igi kékeré tí à ń jù gba àárín òwú kọjá, wọ́n sì ṣàdúà fún un títí ìyá rẹ̀ fi sunkún. Nílé wa, ọ̀kọ̀ yẹn ni ìyìn. Kò sí òmíràn.

Ọmọ òyìnbó kò mọ̀. Ó bi mí lọ́jọ́ kan nínú yàrá, ojú rẹ̀ pọ́n, pé ṣé Bàbá kórìíra òun ni. Gbólóhùn kan péré ni ǹ bá sọ. Mo ní, "Wọ́n ní kí o máa ṣiṣẹ́ rẹ lọ." Ìlara ni, ẹ̀yin ará. Ìlara pọ́nńbélé. Ó jókòó síbi tí mo ti ń bẹ̀ láti kékeré kí n jókòó sí, kò tiẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó ku ọ̀la kó lọ, bàbá mi pè mí pé kí n mú bébà àti bírò wá.

"Kọ ọ́ fún wọn. Ọwọ́ ọmọ yìí wúwo. Olórí kunkun ni. Ìbéèrè ẹ̀ pọ̀ ju òwú lọ. Kò tíì mọ nǹkan kan."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo rí ẹ̀rín náà. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀, mi ò sì kọ ẹ̀rín. Wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí i láìbéèrè ohunkóhun. Irọ́ kan kò sí nínú lẹ́tà yẹn, wàláhì, síbẹ̀ mi ò tíì pa irọ́ tó tó o láyé mi.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe fẹ́ wọ mọ́tò, bàbá mi fi ọ̀kọ̀ wọn lé e lọ́wọ́. Gbogbo àwọn ọmọṣẹ́ dìde dúró. Ọmọ náà wojú mi pé kí nìyí. Mo ní, "Ẹ̀bùn ni. Kí o fi rántí wa."

Nígbà ọyẹ́ ni lẹ́tà rẹ̀ dé. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ní kò yege. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ burú ju ohun tí àwọn lè gbójú fò lọ. Ó ti fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ó ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun bi Bàbá ohun tí òun ṣe tó dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí òun lè bẹ̀ wọ́n. Mo ká lẹ́tà náà, mo fi sí ìsàlẹ̀ àpótí mi.

"Ọmọ òyìnbó mi kò tíì kọ̀wé?" Bàbá mi a máa bi mí.

"Rárá o, Bàbá."

"Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Yóò kọ ọ́."

Mo lè kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà yẹn. Ojú ìwé kan ti tó. Mo ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀la. Mo ṣe tán nílé ẹ̀kọ́, mo di tíṣà, mo lọ sílé ọkọ ní Ṣakí, mo bímọ, lẹ́tà sì wà ní ìsàlẹ̀ àpótí.

Ní ọdún kẹfà, ara bàbá mi kò yá, mo wá sí Ìṣẹ́yìn láti tọ́jú wọn. Wọ́n tún bi mí nípa ọmọ òyìnbó wọn. Mo ti mú lẹ́tà náà dání láti Ṣakí. Mo kà á fún wọn ní Yorùbá, láti òkè délẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Kí lo kọ sí wọn?"

"Ohun tí ẹ sọ ni, Bàbá."

"Ṣé o kò mọ ohun tí mò ń sọ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Mo wólẹ̀, mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Ó ṣe mí bíi kí wọ́n bú mi. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kọ lẹ́tà méjì, ọ̀kan sí i, ọ̀kan sí ilé ẹ̀kọ́ náà, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Tirẹ̀ padà wá bá mi lẹ́yìn oṣù méjì: kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kò fèsì.

Ara bàbá mi yá díẹ̀. Nígbà tí mo wá ṣọdún Iléyá lọ́dọ̀ wọn, lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi dé láti Kàdúná. Mo nawọ́ kí n gbà á. Bàbá mi fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò ń bọ̀ wá bá wọn kà á. Ọkùnrin náà dé. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ó ń gbé bébà súnmọ́ imú, ó ń fo ìlà. Mo jókòó sórí ẹní, mò ń gbọ́ bó ṣe ń ṣì í kà. Bàbá mi ń mi orí, wọ́n ń sọ pé, "Ó dáa. Ẹ máa kà á lọ."