Ẹrù Tí Mo Dì fún Orí Òkè

Aládùúgbò mi ní ìsọ̀, obìnrin ẹ̀yà Gã tí a ti jọ ń jókòó tira wa ní ọjà Makola láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú, ló bi mí bóyá bẹ́ẹ̀dì ilé mi ló kán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé mo fẹ́ lọ sùn lórí òkè ni. Mo ní rárá, bẹ́ẹ̀dì mi wà níbẹ̀ digbí. Ó ní ṣé ìjọ mi ló pe àdúrà ni. Mo ní kì í ṣe àdúrà. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó yíjú sí oníbàárà rẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi tí mo ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ, tí mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí orúnkún mi ń dún kẹ́kẹ́ bí mo bá dìde, kí ni mo ń wá lórí òkè?

Ọmọ mi obìnrin ló pè mí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan níbí ní Accra, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin sì ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n fi ń gun òkè kiri lópin ọ̀sẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ lọ lọ́tẹ̀ yìí wà lápá Volta, nítòsí ààlà Togo. Mọ́tò ò dé orí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mọ́tò máa já èèyàn sí, èèyàn á wá fi ẹsẹ̀ gùn ún títí á fi kan ilẹ̀ títẹ́jú kan lábẹ́ igi, níbi tí wọ́n ti ń pa àgọ́ sùn. Kò síná, kò sómi ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ń ta ohunkóhun. Ṣáláńgá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà ò nílẹ̀kùn. Nígbà tó ń ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo rò pé ó ń ráhùn ni. Àṣé ó ń polówó ibẹ̀ fún mi ni.

Kí n má parọ́, ó wù mí láti lọ. Ó wù mí débi pé mo ń tijú láti sọ ọ́. Ọmọ náà ò gbé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Bó bá wá lọ́jọ́ Àìkú, á jẹun, á tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀, á lọ. Kí èmi àti ẹ̀ jọ wà pọ̀ di ọjọ́ kejì, tí kì í ṣe tìtorí òkú tàbí ìgbéyàwó, mi ò rántí ìgbà tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn kan wà o: kálukú ló ń gbé ẹrù ara rẹ̀. Ó ní òun á kọ́kọ́ dán mi wò lórí àtẹ̀gùn ilé ọjà Kaneshie. Bí mo bá gbé ẹrù mi láti ìsàlẹ̀ dé òkè pátápátá láìsọ̀ ọ́, mo bá wọn lọ nìyẹn. Bí mo bá sọ̀ ọ́, kí n dúró sílé, òun á ya fọ́tò wá fún mi. Fọ́tò kẹ̀! Fọ́tò yẹn ló bí mi nínú jù.

A lọ ra báàgì àgbékọ́yìn ní Kantamanto, láàárín àwọn tó ń ta òkìrìkà. Òyìnbó tó kọ́kọ́ ni ín ti lò ó gbó, okùn tó yẹ kí wọ́n fi dè é mọ́ ìbàdí ti já dànù. Ọmọ mi fẹ́ gbé e fún àwọn tó ń tún nǹkan rán níbẹ̀, mo ní kó fi sílẹ̀. Ọ̀já ni mo fi gbá a mọ́ ìdí, bí ìgbà téèyàn pọnmọ, ó sì dúró gbọn-in. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tajà bi mí ní èdè Twi bóyá ọkùnrin lọmọ náà àbí obìnrin. Mo ní ẹ jẹ́ ó jí ná, a óò wò ó.

Ó wá ku ẹrù dídì. Àwa ará Makola kì í fi ara wa wọn ẹrù. Orí kàyàyó, àwọn obìnrin tó ń bá wa ru ọjà, la fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá ṣáà ti lè gbé e dé ibi tí ọkọ̀ akérò, trótro, wà, ẹrù ti dára nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di tèmi. Mo di gàárì, ṣúgà, mílíìkì àti ẹja díndín. Mo di ìgò ṣítọ̀ ńlá kan, ata dúdú tí wọ́n fi ń jẹ kẹ́ńkẹ́. Mo fi ìkòkò sí i, mo fi abọ́ tó máa kárí ọmọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i, àti ọṣẹ tí a óò fi fọ abọ́. Ọmọ mi ti sọ fún mi pé kálukú ló ń gbé oúnjẹ tiẹ̀. Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo kà á sí. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ìyá àgbà bá ọmọ ọlọ́mọ rìnrìn àjò, kó wá jókòó sọ́tọ̀ kó máa dá jẹun?

A lọ sí Kaneshie ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, mo ṣì ń kí àwọn èèyàn. Ní èkejì, mi ò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Kó tó di pé a kan òkè, ẹrù náà ti ń fà mí sẹ́yìn bí ẹni tí mo jẹ ní nǹkan, orúnkún mi sì ní òun ò ṣe mọ́. Mo sọ ẹrù kalẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mi ò lè wo ojú ọmọ mi.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀, ó tú báàgì, ó sì ń to nǹkan inú ẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ rò pé a pàtẹ ni, ó bi wá ní iye tí à ń ta ìgò ṣítọ̀. Nígbà tí ọmọ mi rí abọ́ tó tò léra wọn, ó béèrè pé ti ta ni. Mo ní tiyín ni, gbogbo yín. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n kó ti àwọn yòókù sílẹ̀, ẹrù tèmi nìkan ò lè wọ̀ mí lọ́rùn.

Mo fara ya. Mo ní kò sẹ́ni tó máa rí mi pé mo gbé ẹnu lásán lọ bá ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní wọ́n á ní ìyá ẹ̀, tó ní odidi ìsọ̀ ní Makola, ahun ni. Mo sọ̀rọ̀ títí, mo wá gbọ́ èyí tó jáde lẹ́nu mi gbẹ̀yìn.

“Bí mi ò bá gbé oúnjẹ lọ, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?”

Ọmọ mi ṣì lóṣòó, ó mú agolo mílíìkì kan lọ́wọ́. Twi ló máa ń bá mi sọ bí ọ̀rọ̀ bá gùn, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, díẹ̀díẹ̀.

“Màmá, oúnjẹ kọ́ ni mo pè. Ẹ̀yin ni mo pè.”

Mo ti sùn káàkiri láyé mi. Mo ti sùn níbi òkú ní Kumasi, níbi ìsọmọlórúkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti sùn lórí ẹrù ní Lomé. Bí kì í bá ṣe ọjà ni mo bá lọ, ẹ̀yìnkùlé ni ẹ óò ti bá mi, nídìí ìkòkò. Wọ́n fẹ́ràn mi níbẹ̀, mi ò ṣàròyé. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan pe èmi nìkan, láìpe ọwọ́ mi, ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, bí ẹni tí wọ́n ní kó wọ yàrá àlejò jókòó. Mo nu ojú mi, mo ní òógùn ni.

Gàárì ìwọ̀nba àti ẹja díẹ̀ la dá padà sínú báàgì, pẹ̀lú aṣọ ìbora àti omi. A padà sísàlẹ̀, mo tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dúró mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀ ọ́. Nígbà tí a dókè pátápátá, ọmọ mi ò pariwo, ó kàn bá mi tú ọ̀já.

Nígbà tí ọjọ́ pé tí a lọ, òkè ọ̀hún ga ju ilé ọjà lọ fíìfíì, kí n sọ òótọ́. Ojú oòrùn ti ń pọ́n kí a tó dé ibi títẹ́jú náà. Àwọn ọmọ náà pàgọ́, wọ́n dáná, ọwọ́ mi sì ń yún mí lórí ẹsẹ̀ mi níbi tí wọ́n ní kí n jókòó sí. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn bu ìrẹsì sí abọ́, ó gbé e wá fún mi, ó tẹ orúnkún díẹ̀ bó ṣe gbọ́ pé àwa Yorùbá ń ṣe. Ó gbóná, iyọ̀ ẹ̀ ò tó. Mo jẹ ẹ́ tán láìṣẹ́kù. Mo ti na ọwọ́ sí abọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti kó o lọ fọ̀, mo sì ti ń dìde, nígbà tí ojú èmi àti ọmọ mi ṣe mẹ́rin.

Mo jókòó padà.