Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mi Nídìí Ìwé Òwò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lọ́kàn mi tí mi ò tíì lè sọ láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n mi.

Búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Osi níbí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kí òwò rẹ̀ gbèrú gbọ́dọ̀ máa kàwé. Mo bá gba Ilọrin lọ, mo ra ìwé tó nípọn jù lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi! Oorun nìkan ni mo rí gbà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Fúnmi, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni ní Obbo-Aiyegunle. Ó wá kí mi lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìsìn, ó ṣí ìwé náà wò, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ́lá, àwọn onílé iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n kọ èyí fún. Uṣẹ́ tìrẹ, kí ló ń dùn ọ́ níbẹ̀?"

"Uṣẹ́" ló máa ń pe iṣẹ́, bí a ṣe ń pè é nílé wa.

Mo ní búrẹ́dì tí mò ń kó lọ sí Koro ló ń padà wá, tó ń bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kọ́sítọ́mà ń fẹ́ ni kí a wá nígbà náà. Ó bá mi rí àlòkù kékeré kan tí kò nípọn tó ìwé orin.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Abala kan péré ní Sunday kọ̀ọ̀kan. Tí a bá kà á tán, Àǹtí á pa ìwé dé, á ní kí n sọ ọ́ lédè ilé. Tí mi ò bá lè sọ ọ́, kò tíì yé mi nìyẹn! Tó bá yé mi, mo gbọ́dọ̀ fi ohun kan níbẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà.

Abala tó ní kí a bi oníbàárà léèrè ló gbé mi gun ọ̀kadà lọ sí Koro. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Pé búrẹ́dì mi dùn, àmọ́ ó tóbi jù; èyí tí ọmọ lè mú lọ sí sùkúù ni wọ́n ń wá. Mo ṣe kékeré. Kò padà wá mọ́! Inú Àǹtí dùn ju tèmi lọ.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọlù ú nínú kíláàsì. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè fọhùn mọ́. Ẹnu tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ!

Mo gbé e wá sọ́dọ̀ mi. A ò yẹ Sunday wa, èmi ni mo wá ń kàwé. Lọ́jọ́ kan, mo ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ó gbọ́wọ́ sókè láti tún un ṣe. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn ò jáde. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká fò ó, ẹ jọ̀ọ́."

Ó kọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é báyìí, mo tún ń pè é bọ́ọ̀hún, mò ń wo ojú rẹ̀, títí tó fi di ọwọ́ mi mú pé mo ti pè é dáadáa. Àwa méjèèjì jọ sunkún.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Àǹtí Fúnmi ti jáde láyé. Abala kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé náà.

Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí fùláwà wọ́n gógó ni mo rántí pé abala náà wà lórí bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ nígbà tí ọjà bá gbówó lórí. Mo dá a kà. Ó yé mi yékéyéké. Mo pa ìwé dé, mo gbójú sókè láti sọ ọ́. Ta ni n ó sọ ọ́ fún?

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ṣàlàyé ìdí tí mo fi fẹ́ fi owó lé búrẹ́dì fún àwọn tó ń bá mi tà ní Koro. Wọ́n gbà sí mi lẹ́nu. Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Ẹkún ni mo sun délé.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi bí ìwé ṣe nípọn rà á. Ẹ mọ ibi tó ń dùn yín ná. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ṣe ohun tí ẹ kà. Tí ẹ bá rí ẹni tí yóò bá yín kà á, ẹ má dá a kà.

Ta ló jókòó tì yín nídìí òwò yín? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí, n ó ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe onítọ̀hún, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì lè dá yín lóhùn.