Opó Tó Sanra

Ní àdúgbò wa ní Ìkòsì, tí obìnrin bá sanra, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń yìn. Wọn á ní, "Ọkọ ń tọ́jú ẹ o." Èmi náà ti sọ ọ́ fún àwọn obìnrin láìmọye ìgbà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nílé onídìrí, lẹ́nu géètì ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé. Ọ̀rọ̀ ìwúrí ni. N kò ronú rí nípa ohun tí wọ́n máa wí fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tó sì wá sanra.

Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan ni ọkọ mi kú. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n bá òun wá ẹsẹ̀ bàtà òun kan lábẹ́ ibùsùn. Kí n tó nàró, ó ti ṣubú ní pálọ̀. Wọ́n ní ọkàn ni. Ẹsẹ̀ bàtà yẹn wà lọ́wọ́ mi títí a fi dé ilé ìwòsàn, n kò sì mọ̀ pé mo gbé e dání àfìgbà tí nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo mọ ẹkún, mo sì sun ún. Ohun tó dé lẹ́yìn ìsìnkú kì í ṣe ẹkún. Fóònù á dún, àyà mi á máa lù kìkì, ọwọ́ mi á tutù, èémí á dúró sí mi lọ́fun. Bí ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo bá pẹ́ díẹ̀ kó tó ti ilé ìwé dé, ojú inú mi á ti máa rí i níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ọjà Mile 12 tí mo ti ń ra ata láti ìgbà ọmọge, n kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Alábàárù kan á pariwo "àgò lọ́nà" lẹ́yìn mi, èmi á ti sá jáde. Oúnjẹ kò sì gba ọ̀fun mi kọjá. Mo gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òrùka ìgbéyàwó mi ń bọ́ sínú omi ìfọṣọ.

Gbígbẹ yẹn, kò sẹ́ni tó bá mi wí nítorí rẹ̀. Àwọn tó wá kí wa kú àráfẹ́rakù á wo eegun ọrùn mi, wọ́n á mi orí, ojú wọn á rọ̀. Mo ń ṣọ̀fọ̀ bó ṣe yẹ kí opó ṣe é. Inú ti ń bí mi sí wọn díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ti Ìjẹ̀bú wá fún ìsìnkú, kò sì padà. Ọkọ mi nìkan ni ọmọkùnrin tó bí. Òun ló kọ́ mi ní ìkọ́kọrẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, nítorí ó ní èyí tí èmi olùkọ́ oúnjẹ sè dà bí ohun tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri. Láti ìgbà náà ni a ti máa ń bú ara wa tìfẹ́tìfẹ́. Nínú ọ̀fọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa. Èmi á jókòó níhìn-ín, òun á jókòó lọ́hùn-ún, àwo oúnjẹ méjèèjì á tutù láàrin wa. Òun náà ń gbẹ. Nígbà mìíràn á di ọwọ́ mi mú, á pè mí ní "ọmọ mi". Tẹ́lẹ̀ rí, "ìyàwó" ló ń pè mí.

Nígbà tí mo dákú níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ògùdù. Dókítà náà, ọmọbìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, gbọ́ mi tán, ó ní, "Mummy, ìbẹ̀rù yìí ti di àìsàn. Ó ní ìtọ́jú." Ó fún mi ní oògùn kan, hóró funfun kékeré, kí n máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dárúkọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé ọkọ mi, kí ilẹ̀ tó ṣú, ará Ìjẹ̀bú á ti gbọ́ pé orí ìyàwó ti dàrú. Mo fi í pamọ́ sínú agolo tíì tó ti ṣófo lókè kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Tí mo bá fẹ́ lò ó, mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí pálọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìbẹ̀rù náà sún sẹ́yìn. Fóònù ń dún, mo ń gbé e. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo rin ewùrà, mo fi se ìkọ́kọrẹ́, mo tọ́ ọ wò, ó dùn. Ó bà mí lẹ́rù pé ó dùn. Mo jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, mo jẹ ẹ́ títí mo fi ń fi ìka họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọn kò sọ pé à á máa jẹun.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sanra nìyẹn. Kì í ṣe pé mo padà sípò mi àtijọ́ nìkan. Mo kọjá ibẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yọ, apá mi kún ọwọ́ aṣọ, òrùka tó ń bọ́ tẹ́lẹ̀ wá há mọ́ mi níka. Mo ń bi ara mi pé ṣé oògùn yìí ni, àbí ẹnu mi. Èmi tí mo ń ya àwòrán oúnjẹ aṣaralóore sára pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ, n kò lè dá ara mi lóhùn.

Mo tún wọ Mile 12, inú mi sì dùn pé mo lè wọ̀ ọ́. Obìnrin tí mo ti máa ń ra tàtàṣé lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ọkọ mi kú. Ó wò mí lókè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Kọ́sítọ́mà mi, ibo lẹ gbà lọ? Ẹ ti fresh o. Daddy ń tọ́jú yín gan-an." Kí ni mo fẹ́ sọ láàrin ọjà? Mo ní ẹ ṣé, mo ra ata ju èyí tí mo nílò lọ, mo sì sunkún nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí dé ilé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní tirẹ̀ mọ̀ pé kò sí Daddy kankan. Ó wá bá wa nípa ètò ìrántí ọdún kan. Nínú ìdílé wọn, gáùn dúdú tí opó wọ̀ sin ọkọ náà ló gbọ́dọ̀ wọ̀ lọ sí ìsìn ìrántí, níwájú gbogbo ẹbí, kó tó bọ́ ọ sílẹ̀ pátápátá. Ó ní kí n gbé e wọ̀, ká mọ̀ bóyá ó fẹ́ àtúnṣe. Mo gbé e wọ̀. Sípù rẹ̀ gòkè dé ìbàdí mi, ó dúró. Ẹ̀gbọ́n wa bá mi fà á, ó fà á títí tí ara fi ń ta mí. Ó yí etí aṣọ náà wò. Télọ̀ tó rán an ti gé gbogbo rẹ̀ mọ́ ojú rírán, kò sí ibi tí wọ́n lè tú sí.

Ó fi sípù sílẹ̀. Ó ní, "Aṣọ tó bá ẹ mu rẹ́gí lọ́jọ́ tá a sin ín. Ìyàwó, ta ló ń tọ́jú ẹ?"

Mo wo Màmá. Ó jókòó sórí àga, ó ń ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Mo ń dúró kó bá ọmọ rẹ̀ wí. Kò sọ nǹkan kan. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti pè mí ní ọmọ rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Ká ní ìbínú máa ń yọ́ ọ̀rá ni, ǹ bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá máa sọ òótọ́, ìpalọ́lọ́ Màmá ló dùn mí ju ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ. Mo lè gbé ilé ayé láìsí ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ. Èmi àti Màmá nìkan ló kù láyé tó mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń hanrun. N kò fẹ́ kó rò pé mo ti gbàgbé.

Láti ọjọ́ náà n kò fọwọ́ kan agolo tíì mọ́. N kò bi dókítà. Ìbẹ̀rù náà padà wá bí ẹni tó gbàgbé fìlà, kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Oorun lọ, oúnjẹ sú mi, orí mi ń hó bí ìgbà tí oyin kó sínú rẹ̀. Ẹran ara mi sì ń yọ́. Bóyá àìlo oògùn ló ń yọ́ ọ ni o, bóyá ẹ̀rù ló ń jẹ ẹ́, n kò lè sọ. Nígbà tí ọjọ́ ìrántí pé, sípù gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìjẹ̀bú, wọ́n yìn mí. Àwọn ìyá àgbà di apá mi mú, wọ́n fi ọwọ́ díwọ̀n bó ṣe kéré tó. "Ìyàwó wa, ó hàn lára yín pé ẹ ṣọ̀fọ̀ ọkọ yín." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pàápàá gbá mi mọ́ra. Èmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ń fi èékánná gún àtẹ́lẹwọ́ mi kí n má baà ṣubú. Nígbà tí àlùfáà dárúkọ ọkọ mi, èémí mi dúró. Mo ní báyìí ló ṣe rí fún òun náà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo yíjú, mo rí ọmọ mi tó ń wò mí pẹ̀lú ojú tó fi wo bàbá rẹ̀ nígbà tó ṣubú. Mo sáré jáde, mo sì wó lulẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wá sípù náà, kò rí i ṣí, ló bá fi ọwọ́ méjèèjì fa aṣọ náà ya láti ọrùn dé ìdí, lójú gbogbo ẹbí. Atẹ́gùn kàn mí lẹ́yìn. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bò mí. "Kí ló ń ṣe ẹ́? Sọ fún mi."

Mo ní, "Oògùn ni mo dá dúró, Màmá."

"Èyí tó wà nínú agolo?"

N kò mọ̀ pé ó mọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a padà sí Èkó, ó ní òun máa bá mi dé Ògùdù, òun á sì bá mi wọlé.

Dókítà náà bá mi wí díẹ̀. Ó ní, "Mummy, kì í ṣe gbogbo oògùn ìbẹ̀rù ló ń múni sanra. Òmíràn ò ṣe nǹkan kan fún ara. Òmíràn tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí oúnjẹ kọ́kọ́ sú èèyàn. Eléyìí tí mo fún yín máa ń ṣí ikùn fáwọn kan. Àti pé ara tí ebi ti pa, tó bá tún rí oúnjẹ, á dì í mú. Mi ò lè sọ pé báyìí ni ti oògùn, báyìí ni ti oúnjẹ. Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Ẹ̀ bá ti wá bá mi, à bá rọra pààrọ̀ ẹ̀."

Màmá na ọwọ́ bí ọmọ ilé ìwé. "Dókítà, ẹ má bínú. Oògùn ẹ̀rù ni? Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò kí wọ́n má baà lóyún?"

Dókítà ní rárá, Màmá, kì í ṣe ìyẹn.

Màmá wo ilẹ̀. "Mo rí i pé ó ń fi pamọ́. Mo rí i pé ó ń sanra. Wọ́n ní ìyẹn náà máa ń mú obìnrin sanra. Mo ní, áà, ọmọ mi ò tíì pé ọdún nílẹ̀."

Gbogbo bí mo ṣe ń bínú sí i, ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀ nìyẹn, ó sì gbé e mì, kò sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá sọ lọ́jọ́ tí sípù kọ̀, wọn ì bá lé mi jáde nínú ẹbí. Ó rò pé mo ní ọkùnrin, ó sì bò mí láṣìírí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà sì fúyẹ́ jù.

Dókítà náà ti ń wo ọwọ́ yẹn. "Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ń jẹun? Ẹ ń sùn? A lè ran ẹ̀yin náà lọ́wọ́ o."

Màmá ní ó ti tó, ọmọ mi, ó ti tó, ó sì dìde.

Oògùn mìíràn ni mo ń lò báyìí. Mo tún ti sanra díẹ̀, kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Agolo tíì ti kúrò lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá fúnra rẹ̀ ló ń bu omi tí mo fi ń gbé oògùn mì, "ọmọ mi" ló sì tún ń pè mí. Ṣùgbọ́n tí a bá jókòó ti oúnjẹ, á ṣa ẹja inú ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀, á kó o sínú àwo mi, á wá fi ṣíbí yí ìyókù kiri títí á fi tutù. Eegun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta báyìí ju bí tèmi ṣe yọ lọ nígbà yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní kó jẹ́ ká padà lọ bá dókítà, pé oògùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé ẹni tó kú kò ní kí á bá òun lọ.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó tún ti ẹja kan sí ọ̀dọ̀ mi.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Ìwọ ní ọmọ tó o máa tọ́. Bí èmi náà bá sanra, ta ló máa mọ̀ pé ọmọ mi kú?"