Àmì Pupa Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yí Padà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má ṣe kà á sókè nílé kọfí, ẹ má sì jẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlú wa kéré. Bí ènìyàn bá sín lẹ́bàá adágún, ará òkè á ti máa bèèrè irú àrùn tó ń ṣe é. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, ẹnu ayé sì ń bà mí lẹ́rù ju ikú lọ. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ó wà láàárín èmi àti ẹ̀yin.

Orville Haapala kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù Kejì ọdún yìí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ènìyàn mọ́kànlá ló tẹ̀lé òkú rẹ̀. Mo kà wọ́n.

Ní oṣù Kẹta, ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Atukọ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, pẹ̀lú ojú ewé tí wọ́n fi ń dárò àwọn tó ti sin ẹgbẹ́ tí wọ́n sì ti kú. Ọkùnrin tó tún ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ibùdó ìgbà ooru wọn létí adágún ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gba ìdajì ojú ewé. Wọ́n dárò ajá olùtọ́jú ibùdó pàápàá, wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ sí i. Orville, tó fi ìgbà ooru mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dúró sínú omi tútù nítorí àwọn ọmọ yín, kò rí ìlà kan ṣoṣo gbà. Ṣé ajá náà mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù ú lọ ni?

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ṣe, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti pa ẹnu mọ́, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọmọ tó kọ́ ní ìwẹ̀ odò àti ọkọ̀ wíwà. Kì í pariwo. Ọmọ tí ẹ̀rù omi bá ń bà, yóò gbé ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò ní, "Máa wo ojú ọ̀run, kó o bá mi ka ẹyẹ." Ọmọ yóò máa kà. Nígbà tí yóò fi ka ẹyẹ keje, ọwọ́ Orville kò sí lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́.

Òun náà ló fi ìlànà àmì lélẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà ní ibùdó, àgbà àti èwe, ló ní àmì onígi róbótó kan tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, tí a fi kọ́ sára pátákó létí omi. Apá kan funfun, apá kejì pupa. Bí o bá ń wọ omi, o yí tìrẹ sí pupa. Bí o bá jáde, o yí i sí funfun. Ọwọ́ rẹ nìkan ló gbọ́dọ̀ yí i. Nígbà tí fèrè bá dún, bí àmì kan bá ṣì wà ní pupa, a jẹ́ pé ẹnì kan ṣì wà nínú omi. Gbogbo ibùdó yóò so ọwọ́ pọ̀, wọn yóò sì rìn wọ inú adágún bí ògiri, ìṣísẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, títí wọn yóò fi rí i. Kò sẹ́ni tí yóò jẹun. Kò sẹ́ni tí yóò lọ sílé. Kò sẹ́ni tí yóò bèèrè irú ènìyàn tí ẹni tó sọnù náà jẹ́.

Ní ìgbà ooru ọdún 1979, fèrè dún, àmì ọmọ ọdún mọ́kànlá kan sì wà ní pupa. Wọ́n so ọwọ́ pọ̀. Ẹsẹ̀ Orville ló kan ọmọ náà, lábẹ́ igi gbígbẹ kan nínú ẹrẹ̀. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ mí sí i lẹ́nu títí ọmọ náà fi bì, tó sì bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà, ó mú un lọ́wọ́, omi ń ro lára àwọn méjèèjì, lọ sí ìdí pátákó. Ó ní, "Ó yá, yí i fúnra ẹ. O ti jáde."

Bàyìí, ẹ wá gbọ́ bí a ṣe san án fún un.

Ní ọdún 1994, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan wà nínú ẹgbẹ́, Darrell Kangas. Òun ló ń ran Orville lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn kéékèèké. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé ọkùnrin bíi tòun ni ọkàn òun ń fà sí. Ọ̀rẹ́ sọ fún ìyá, ìyá sọ fún Merle Stenberg, alága ìgbìmọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú ìṣíde ibùdó, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje jókòó sí ilé oúnjẹ. Darrell dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di fìlà rẹ̀ mú.

Stenberg sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún. "Darrell, ọmọ dáadáa ni ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹ jà. Àmọ́ ẹgbẹ́ aládàáni ni wá, a nírú ọmọ tá a fẹ́."

"Irú ọmọ wo wá ni mí, sà?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín sábẹ́ imú. Orville ti ń tún okùn ààlà omi so nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é pé kó máa bọ̀ kíá. Ó wọlé pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká, omi ń ro sílẹ̀.

"Merle, kí ló dé tẹ́ ẹ pè mí nínú omi? Okùn apá ibi jíjìn ti já o."

"Jókòó, Orville."

"Màá rin àga yín gbingbin. Ẹ jẹ́ n dúró."

Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó wo Darrell, ó wo ìgbìmọ̀. "Ọmọ mẹ́tàlá lọmọ yìí kọ́ láti léfòó lọ́dún tó kọjá. Ta ló rì nínú wọn?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ là ń sọ."

"Létí omi ńbí? Ọ̀rọ̀ wo wá ni?"

"Má ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, Orville. O mọ nǹkan tí mò ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n." Ó nu ojú rẹ̀. "Tó bá jẹ́ torí ìyẹn lẹ ṣe fẹ́ lé e, ẹ yáa lé àwa méjèèjì pọ̀. Gbogbo yín lẹ mọ Lyle tá a jọ ń gbé. Gbogbo yín lẹ ti jẹ ẹja tó ń yan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ̀ ń lá ìka, kò sẹ́ni tó bi wá pé yàrá mélòó ló wà nílé wa."

Stenberg ní kí àwọn tó bá fẹ́ kí àwọn méjèèjì lọ gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Èkejì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà Stenberg yí ojú sí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àbí ẹlòmíì tún wà níbí tó nídìí tó fi fẹ́ gbè wọ́n lẹ́yìn?"

Ọwọ́ kẹta lọ sókè; òun ló ṣí ọ̀nà fún mẹ́rin tó kù. Ọwọ́ mi ni.

Ìwé tí mo kà fúnra mi ni mo mọ̀. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi kọjá kíláàsì kẹjọ. Mo ti jókòó nílé ìkàwé, mo ti ka ohun tí àwọn adájọ́ kọ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì gbà pé òfin fi àyè sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ aládàáni láti yan àwọn tí yóò bá a jókòó. Ẹni tó ni ilé ló ni ìlẹ̀kùn. Mi ò bá òfin jiyàn. Ṣùgbọ́n adágún ta ni a ń lò? Ti ìlú ni. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ta ni a fi ń gba ọmọ tuntun wọlé? Ti ìlú ni. Nígbà tí a bá ń wá ọmọ, a ó ní, "Ẹ mú gbogbo wọn wá, ẹbí kan ni wá." Nígbà tí a bá ń lé ọmọ, a ó ní, "Aládàáni ni wá." Ilé wo ló ní ìlẹ̀kùn tó ń gbòòrò bí wọ́n bá ń wọlé, tó sì ń dín bí ẹnì kan bá nílò ààbò? Wọ́n ní nítorí ààbò àwọn ọmọ ni. Ààbò kúrò lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ ẹni tí ọmọ kankan kò kú mọ́ lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n?

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Ọmọ tí Orville fà jáde lábẹ́ igi gbígbẹ yẹn, Russell ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ bíbí inú mi ni. Ó wà láàyè lónìí, ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Èmi tí mo jẹ gbèsè èémí yẹn, ọwọ́ mi ni ẹ̀kẹta.

Káfíńtà ibùdó ni mí nígbà náà; èmi ni mo gé pátákó, èmi ni mo gé gbogbo àmì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Stenberg ní kí n lọ yọ àmì àwọn méjèèjì kúrò. Ti Darrell wà ní funfun. Ti Orville wà ní pupa. Nínú omi ni wọ́n ti pè é, wọ́n sì ti pàṣẹ fún un pé kó má ṣe dé etí adágún mọ́. Kò ráyè yí i. Èmi náà kò yí i. Mo yọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì fi í sí àpò. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí ó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, mo wọ aṣọ dúdú, mo so táì, mo sì jókòó sínú ọkọ̀ mi ní òdìkejì ọ̀nà tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun rí mi. Yìnyín ń bọ́. Ẹnì kan fi ìka kan gíláàsì ọkọ̀. Darrell ni, ó ti di géńdé, ó rìnrìn àjò ọjọ́ méjì kó tó dé.

"Bàbá, òtútù lẹ̀ ń sá fún ni, àbí ojú?"

"Orúnkún mi ni, Darrell."

"Ẹn-ẹ́n, orúnkún. Ọwọ́ tẹ́ ẹ gbé sókè lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Òun ò dùn yín?"

Ó na ife kọfí sí mi láti ojú fèrèsé. "Ẹ gbà. Ọ̀gá máa ń sọ pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá wà létí omi." Ó padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi kò sọ̀kalẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé àwo oúnjẹ kan lọ fún Lyle Benoit, tó bá Orville gbé fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo ẹsẹ̀ mi nínú yìnyín.

"Ẹ̀yìnkùlé náà dáa. Ajá àdúgbò ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó gba àwo náà. "Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé tí ibùdó bá ti ṣí lọ́dọọdún, iwájú ilé níhìn-ín ló máa ń jókòó sí? Á máa retí fèrè. Tó bá ti dún, á dákẹ́, á máa ka ìṣẹ́jú lórí aago. Tí fèrè kejì bá dún pé gbogbo wọn ti pé, á ní, 'Ó dáa,' á wọlé." Lyle pa ojú dé. "Ìgbà kan ó bi mí pé, 'Ta ló bá mi yí tèmi?' Mo ní mi ò mọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣẹ́ ẹ mọ̀?"

Mo ní kí oúnjẹ náà má tutù. Ohun tí mo fi dá a lóhùn nìyẹn.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Atukọ̀, ìlànà yín ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe tèmi. Àmì kan wà ní pupa. Ẹ ti fọn fèrè ní ìgbà ooru mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ti jẹun, ẹ ti lọ sílé, ẹnì kan sì wà nínú omi. Ta ni yóò dáhùn fún èyí? Ní ọjọ́ ìṣíde oṣù Kẹfà, mo ní kí ẹ gbé àmì Orville Haapala padà sórí pátákó, pupa bí ó ti wà. Kí ẹ fọn fèrè. Kí ẹ so ọwọ́ pọ̀, Stenberg ní iwájú, kí ẹ rìn wọ inú adágún níṣojú àwọn òbí, títí omi yóò fi kàn yín láyà. Kí ẹ ka orúkọ àwọn méje tó gbé ọwọ́ sókè látinú ìwé ìpàdé. Kí ẹ pe Darrell Kangas, kí ó yí àmì náà sí funfun fún ẹni tí kò lè yí i fúnra rẹ̀ mọ́. Kí ẹ sì pa òfin tó lé wọn rẹ́, kí ọmọ mìíràn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

Èmi ni n ó mú àmì náà wá. Iwájú ilé ni n ó gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jó ìwé náà, nítorí ẹ̀rù ènìyàn kò tíì kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣáná sí i, ẹ há orúkọ kẹta sórí, kí ẹ lè mọ̀ bí wọ́n bá fò ó lọ́jọ́ ìṣíde: Alpheus Rundell.