Ìyàwó Àbúrò Mi àti Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Òórùn rọ́bà gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àwọn obìnrin ní Jẹ́dà, òun àti òórùn tùràrí tó wà lára abáyà wa. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì la máa ń wakọ̀ láti Misfalah ní Mẹ́kà lọ síbẹ̀ lọ ṣeré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọn kì í gbé ara wọn ṣubú, tó jẹ́ pé ìrépé aṣọ tó so rọ̀ ní ìbàdí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń já. Nọ́ọ̀sì ni mí, àkọ́bí ni mí, abiyamọ sì ni mí. Wákàtí yẹn nìkan ni mo ní láyé tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí pé níbo ni nǹkan òun wà. Àfi bí ẹgbẹ́ mìíràn ṣe dé tí wọ́n ní àwọn náà fẹ́ ẹ. Alábòójútó gbọ̀ngàn ní kí a bá ara wa díje, ẹni tó bá borí ló ni wákàtí náà.

Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń tò, kí ohun tí ojú mi rí lè yé ọ. Àwa márùn-ún ni. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù láàárín, á kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó máa jù ú, ìyẹn èmi. Ẹnì kan á lọ sí etí ọ̀tún pátápátá, ẹnì kan sí etí òsì, ìkẹrin á dúró nítòsí mi. Bí a bá fọ́nká báyìí, àwọn alátakò ní láti fọ́nká tẹ̀ lé wa, àárín á sì ṣófo. Ẹni tó wà nítòsí mi lè máa rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti da ojú wọn rú, ṣùgbọ́n àwa yòókù kò gbọdọ̀ mira títí ẹni àárín á fi ta bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí mi. Bí ẹnikẹ́ni bá mira ṣáájú, fèrè á dún, wọ́n á dá wa padà sẹ́yìn.

Ẹni àárín wa ni ìyàwó àbúrò mi, ọmọ Ìlọrin tí kò tíì pẹ́ tó dé. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ nílé jù! Bí mo bá ti lanu, á yíjú padà, á tẹ orúnkún.

"Mà, Àǹtí mi?"

Fèrè. Nílé, mo to èso dàbínù sórí àwo láti ṣàlàyé fún un. Àlàájà, ìyá wa, mú dàbínù tó dúró fún mi, ó jẹ ẹ́, ó ní, "Ìyàwó wo ló ń kọ ìdí sí ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Lọ́jọ́ ìdíje, Àlàájà tẹ̀ lé wa. Bó bá wúkọ́ níbi tó jókòó sí, ìyàwó á yíjú wò ó bóyá omi ló fẹ́. Fèrè. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ń pariwo lédè Lárúbáwá pé kí a yára, "Yálà! Yálà!" Ó wá ku eré kan ṣoṣo kí àkókò tó tán, ayò kan la sì nílò. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi dé góńgó.

"Kọ ẹ̀yìn sí mi! Mo fún ẹ láṣẹ!"

Ó wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Àǹtí, ariwo yín pọ̀ jù." Ó bẹ̀rẹ̀, kò sì wẹ̀yìn mọ́.

Bọ́ọ̀lù bọ́ sí mi lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Mo wo ọ̀tún, wọ́n ti há a mọ́. Mo wo òsì, bákan náà. Ẹni àárín náà lè sáré gba bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣọ́ tiwa, wọ́n ti gbà pé ìkíni nìkan ló mọ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ orúkọ mi láti àárín tó ṣófo, orúkọ mi lásán, láìsí àǹtí níwájú rẹ̀. Ìyá mi gan-an, orúkọ ọmọ mi ló fi ń pè mí. Inú ìbá bí mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti ju bọ́ọ̀lù náà. Ó gbà á mọ́ àyà, ó sì sá kọjá ìlà.

Àwa la ṣì ni wákàtí náà. Nígbà tí a ń padà sí Mẹ́kà, Àlàájà sọ pé, "Mo gbọ́ ohun tí ìyàwó pè ẹ́ o."

"Èmi náà gbọ́ ọ, Àlàájà."

Nílé, ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi, n kò sì ní kó má kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, etí mi máa ń retí orúkọ mi. Gbogbo ayé ló ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, òun náà sì ń béèrè. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ló béèrè lọ́jọ́ ìdíje, èmi fúnra mi sì ti ń wá ẹni tí màá jù ú sí.