Koríko Tó Wà Nítòsí Ilé

Ní ìparí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú wa dìde. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ẹran kọjá odò mọ́, nítorí wọ́n ti rí ibi tí àwọn ajínigbé dáná sí. Mo wo ọmọkùnrin mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ó kàwé jáde ní yunifásítì l'Ọ́yẹ̀ẹ́, kò ríṣẹ́, ló bá ní òun á máa sin màlúù. Abo méjì tó rù ni agbára wa ká. Ẹ̀yìnkùlé la so wọ́n mọ́, torí mi ò fẹ́ kó wọ igbó. Etí ọ̀nà ló ti ń gé koríko, á dì í sẹ́yìn ọ̀kadà.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé tí iná jó etí ọ̀nà, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèpo ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Obìnrin tó ni ibẹ̀ a máa fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Gírádúéètì eléèpo! Ṣé màlúù rẹ náà fẹ́ ṣèdánwò ni?”

“Wọ́n ti yege, mà. Ẹ ṣáà fún wọn lóúnjẹ.”

A máa ń sá èèpo náà sórí páànù títí á fi máa ṣẹ́ lọ́wọ́, torí májèlé ni tútù rẹ̀. Òjò kan ṣàdédé rọ̀, gbogbo èyí tí a sá bu. Àwọn màlúù ń ké. Ọmọ mi fún wọn ní tútù díẹ̀. Kí n tó ti ọjà dé, èyí tó lóyún ti ṣubú, ó ń mí gúlegúle, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀.

Alápatà kan tó gbọ́ ariwo sáré wá, ó ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ n tètè dú u. Ẹran ṣì ni.”

Ọmọ mi ní, “Rárá o. Ọmọ ta ló máa jẹ ẹ́?”

A sin ín tòun tọmọ inú rẹ̀.

Láti ìgbà náà kò fọwọ́ kan èèpo mọ́. Ìkejì ló ń dà kọjá odò, níbi tí koríko ṣì ti tutù. Lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọdẹ yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ.

“Màámi, kí ló máa wá jẹ? Ṣé kí n tún gbẹ́lẹ̀ ni?”

Láàárọ̀ yìí náà, ó ti lọ.

Ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé àti Ìtapàjí, bí koríko tútù bá wà lẹ́yìn ilé yín, tàbí nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi wá gé e.